Orúkọ Kẹtàdínlógún

Ọjọ́ Ajé ni lísìtì náà dé. Ojú ìwé méjì ni, orúkọ mọ́kànlélógójì, gbogbo wọn kọ́púrà tí ìgbìmọ̀ ìgbéga fẹ́ yẹ̀ wò bóyá wọ́n tó di sájẹ́ǹtì. Hikmat gbà á, ó fọwọ́ síwèé pé òun ti gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè. Nígbà tó dé orí orúkọ kẹtàdínlógún, ó rí i pé ti ọkọ òun ni. Kò dúró. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó ka iye wọn, wọ́n pé. Ó dìde, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Oṣù mẹ́ta rèé tí Kamaldeen ọkọ rẹ̀ ti kú lójú ogun lápá Borno. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mójú ọ̀nà ló fọ́ ọkọ̀ wọn. Ó jọ pé àwọn tó tẹ lísìtì ti tẹ̀ ẹ́ kí ìròyìn ikú náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Hikmat fúnra rẹ̀ kì í ṣe ṣójà. Akọ̀wé ni, ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn ṣójà nínú bárékè ní Ọ̀jọ́. Láàárọ̀, á fi Dámi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sílẹ̀ ní ilé ìwé ní Òkókómáíkò, á wọ kẹ̀kẹ́, á dé ibi iṣẹ́ kó tó di aago mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú ló ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn èèyàn ń sọ pé ọkàn rẹ̀ le. Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ le. Bí ìgbà téèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ pẹ́ títí tẹ́sẹ̀ fi kú ló rí. Ó ń jẹun, ó ń fọṣọ, ó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é, kò sì sí èyí tó dé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ọ̀gá rẹ̀, Wáránti Ọ́físà Àdìgún, ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ka lísìtì náà tán, ó sì wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Ìyá Dámi, gbé fáìlì yẹn fún mi. Kúnlé á ṣe é." Ó tọ́ka sí akọ̀wé kejì tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ jẹ́ n ṣe é, ọ̀gá."

"Kò ní dé iwájú ìgbìmọ̀ mọ́. Ká kọ ọ́ pé ó ti ṣaláìsí, ká dá a padà, ó tán."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pé pérépéré ká tó dá a padà, Kúnlé sì máa ń fo nǹkan."

Àdìgún ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. "Ó dáa náà," ló sọ.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro, ó kàn gba sùúrù ni. Fáìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé ọjọ́ tí ṣójà náà wọṣẹ́, ìwé ẹ̀rí àwọn kọ́ọ̀sì tó lọ, èsì ìdánwò ìbọn, ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta tó kọjá, àti ìwé dókítà tọdún yìí. Wọ́n á fi nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kọ àkópọ̀ gbogbo rẹ̀ síwájú. Bí ẹyọ ìwé kan ò bá sí níbẹ̀, ìgbìmọ̀ á ti olúwarẹ̀ sẹ́yìn di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì sì ni ọkọ̀ máa wá kó gbogbo rẹ̀.

Hikmat ò mú fáìlì ọkọ rẹ̀ ṣáájú, kò sì fi í sẹ́yìn. Ọjọ́rú ló kàn án. Ó ṣí i, ó rí fọ́tò Kamaldeen ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, etí rẹ̀ méjèèjì nà síta. Níbi orúkọ ẹbí tó sún mọ́ ọn jù, wọ́n ti fa igi lé orúkọ ìyá rẹ̀, wọ́n kọ ti Hikmat sókè. Ó ń fi nọ́ńbà sí ojú ìwé lọ títí ó fi dé ìkẹrìndínlógójì. Lẹ́tà ni. Ọwọ́ Kamaldeen ló kọ ọ́.

Gẹ̀ẹ́sì bárékè ló fi kọ ọ́, ohun tó sì wí kò gùn. Ó ní kí wọ́n fi òun rọ́pò Kọ́púrà Sherif Àsánì nínú àwọn tó ń lọ sójú ogun. Ó ní ìyàwó Sherif lóyún ìbejì, ara rẹ̀ kò sì yá, kò yẹ kó dá wà. Ó ní òun ṣe tán láti lọ.

Hikmat kà á lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí Kamaldeen sọ fún un nílé nígbà náà ni pé wọ́n ti pe orúkọ òun, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Ó rántí pé òun ní, "Ọlọ́run ló máa bi ẹni tó kọ orúkọ rẹ síbẹ̀." Ó rántí pé Kamaldeen, tó ń tún fáànù ṣe nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "Má ṣépè mọ́, Hikmat."

Ó dúró kí ó dùn ún. Kò dùn ún. Ó kọ nọ́ńbà sí igun lẹ́tà náà, ó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó kan fáìlì Sherif Àsánì. Ohun gbogbo wà níbẹ̀ àfi ìwé dókítà. Ó wá a lẹ́ẹ̀mejì, kò rí i. Àwọn méjì kan wà tí ìwé tiwọn náà ò pé, ó sì ti pè wọ́n lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé fóònù, ó wá nọ́ńbà Sherif jáde, kò tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ìwé ò sí, ìwé ò sí náà ni. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ mu omi, ó padà wá jókòó, ó sì pè é. Kì í ṣe àánú ló ṣe é. Ó ti pe àwọn méjì yòókù, bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nìyẹn.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Sherif ti Ìjànikín dé lórí ọ̀kadà, ó fi ọ̀rá wé ìwé náà. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì jẹ́ kí ojú òun àti Hikmat ṣe mẹ́rin.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

"Àwọn ìbejì ńkọ́?"

Ọwọ́ Sherif dúró lórí ọ̀rá tó ń tú. "Wọ́n wà, Àǹtí. Wọ́n ti ń jókòó." "Àǹtí, mi ò bẹ̀ ẹ́ o. Ẹ gbà mí gbọ́. Ó ti kọ̀wé kó tó wá bá mi. Ó yẹ kí n ti wá sọ fún yín. Mo dé ẹnu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo padà."

"Mú ìwé wá."

"Ẹ̀ ń bínú sí mi, Àǹtí."

"Mi ò rí ìbínú kankan. Bí mo bá rí i, màá jẹ́ kó o mọ̀." Ó gbé ìwé náà sójú ìmọ́lẹ̀. "Òǹtẹ̀ yìí ò hàn. Wọ́n á dá a padà. Lọ bá wọn kí wọ́n tún un lù, kó o sì dé kó tó di aago mọ́kànlá."

Sherif sáré jáde. Nígbà tó padà, òógùn ti mu aṣọ rẹ̀. Hikmat ti ìwé náà sí ààyè rẹ̀, ó fi nọ́ńbà sí i, ó ní kó máa lọ.

Ó wá kọ ìwé tó máa bá fáìlì Kamaldeen lọ: ẹni yìí ti kú lẹ́nu iṣẹ́, a dá fáìlì rẹ̀ padà. Ó gbé e fún Àdìgún. Ọ̀gá náà ṣí fáìlì, ó dé ojú ìwé kẹrìndínlógójì, ó sì pa á dé.

"O ti rí i."

"Mo ti rí i."

"Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo tì í síbẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Mo rò pé á padà dé kó o tó mọ̀."

"Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, ọ̀gá. Ọkọ̀ ti dé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, èsì jáde. Ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n ló yege, Sherif wà nínú wọn. Hikmat ló tẹ orúkọ wọn fún pátákó ìkéde, kò sì ṣi orúkọ ẹnikẹ́ni kọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Sherif àti Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, wá sílé Hikmat ní Òkókómáíkò. Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Hikmat ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Wọ́n jókòó. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lé Hikmat lẹ́sẹ̀, ọmọ náà wúwo, ó di àtàǹpàkò rẹ̀ mú.

"Kí ni Kamaldeen sọ fún ẹ gan-an lọ́jọ́ tó wá bá ẹ?" Hikmat bi Sherif.

Sherif wo ilẹ̀. "Ó ní òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí Dámi. Ó ní kí èmi náà dúró rí tèmi."

Ọmọ náà ti tọ̀ sára Hikmat, Hikmat kò sì gbé e kúrò. Ó pe Dámi láti inú yàrá, ó ní kó wá jókòó ti òun.

"Tún un sọ," ló wí fún Sherif, "kí òun náà gbọ́."

Ó sì tún un sọ.