Àwọn Tó Wá Wádìí Omíyalé

Nígbà tí omíyalé pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé, a kò sọ fún ìyá wa. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa nípa ọkàn rẹ̀. A ní ó ti lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Texas, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè pè. Pásítọ̀ mọ̀, gbogbo ọmọ Yorùbá ní Co-op City tí à ń gbé mọ̀, kò sí ẹni tó jẹ́ kó ta sí ìyá mi létí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ọmọ rẹ̀, mo sọ lọ́kàn mi pé kó máa bínú lọ, ó ṣáà sàn ju kó kú lọ.

Àfi bí àwọn olùwádìí yunifásítì kan ṣe dé. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àdúgbò ń ṣe nígbà tí àjálù bá ṣẹlẹ̀. Mo ń din ẹja lọ́wọ́ ní kíṣìnì nígbà tí ìyá mi fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá. Ibí ni wọ́n bí ọmọ náà sí, àmọ́ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Ọlọ́run á dá ẹ̀yìn sí.”

Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ kí ọlọ́fọ̀ kó tó béèrè ohunkóhun. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

“Ta ló kú?” Ìyá mi ló béèrè.

Ọmọ náà wò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó wo ìyá mi. “Ọmọ yín, mà. Èyí tó wà ní basement.”

Ìyá mi jókòó. Kò pariwo. “Wọ́n ti sin ín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà fẹ́ pa ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, ìyá mi ní kó fi í sílẹ̀.

“Kí lo wá béèrè?”

“Sorry, mà. Ta ló ràn yín lọ́wọ́ lẹ́yìn flood?”

“Kò sẹ́nì kankan. Láàárọ̀ yìí ni mo ṣépè fún ọmọ mi pé kò pè mí. Àbúrò rẹ̀ tó dúró yìí gbọ́, ó sì ń mu tíì rẹ̀ lọ. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”