Ọkọ̀ Eré Tí Wọ́n Fi Ta Aláboyún Lọ́rẹ

Ọmọ Manigri ni ọkùnrin tó fún wa ní ọkọ̀ náà, ọmọ Manigri lèmi náà. A jọ lọ sí kọ́léèjì ní Bassila. A máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a ó sì padà sílé lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú ebi nínú. Nítorí náà, kì í ṣe ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ irú ẹni tó jẹ́. Tó bá ní búrẹ́dì tó fẹ́ fún èèyàn, á kọ́kọ́ wò yíká kó lè rí i pé ojú pọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà á gé ibi tó ti le nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò bèèrè. Ó lọ sí Cotonou, ó di olówó. Èmi di tíṣà, mo sì ń kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo padà sílé, àwọn obìnrin Manigri fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ kékeré kan. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kò ju kí a máa gbé aláboyún láti inú oko dé ilé ìwòsàn Bassila lọ. Àwọn àgbẹ̀ wa máa ń kó tìyàwó tọmọ lọ sí oko iṣu àti oko kajú, wọ́n á sì pẹ́ níbẹ̀. Tí ìrọbí bá mú obìnrin lọ́hùn-ún, ẹ̀yìn alùpùpù ló máa jókòó sí, ẹnì kan á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti dì í mú, gbogbo gegele ọ̀nà á sì máa kàn án níkùn. Tírísíkù la ń wá: alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní pẹpẹ gbọọrọ lẹ́yìn, tí a lè tẹ́ ibùsùn sí kí obìnrin fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Mo pe ọkùnrin yìí lórí fóònù, mo ṣàlàyé fún un lédè wa. Mo tún ṣàlàyé ní Faransé kó má baà sọ pé òun ò gbọ́ dáadáa.

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” ló wí. “Ohun tó ju tírísíkù lọ ni mo máa fún yín.”

Ó yẹ kí n ti pa fóònù náà kí n wá ẹlòmíràn pè.

Lọ́jọ́ tó máa gbé ẹ̀bùn náà wá, ó ní kí gbogbo ìlú pé jọ sí pápá ilé ìwé. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọ́kọ́ dé, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò sẹ́yìn. Oòrùn ti wà lókè gan-an kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, nínú jíìpù ńlá tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa kí òtútù inú rẹ̀ má bàa jáde. Ẹni tó ń ya fídíò sáré sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kó lè yà á bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀. Fídíò kò mú un dáadáa. Ó padà wọlé, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ká aṣọ funfun kúrò. Ọkọ̀ eré ni, pupa yòò, àga méjì péré ló wà nínú rẹ̀, kò sí òrùlé lórí rẹ̀. Ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ kan tó ń kọjá wo inú rẹ̀ láìgbé ọrùn sókè. Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnì kan. Òrùlé aṣọ yọ láti ẹ̀yìn, ó rọra bo orí ọkọ̀. Àwọn èèyàn hó yèè. Ó tún un tẹ̀, òrùlé ká padà. Wọ́n tún hó. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń hó, àgbàlagbà tó lọ́mọ tó lọ́mọ-ọmọ. Igbákejì mi nínú ẹgbẹ́, obìnrin tí mo ti ń kà sí ọlọ́gbọ́n, jó títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀.

Ọkùnrin náà wá gba gbohùngbohùn. Ó ní inú oko ni ìyá òun ti bí òun, pé ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ aláboyún fi máa ń dun òun dé ọkàn. Irọ́ ni. Ilé ìgbẹ̀bí Bassila ni wọ́n ti bí i, ìyá mi ló bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sí láyé mọ́ láti sọ̀rọ̀, ló bá ń gbé ìrọbí obìnrin náà káàkiri bó ṣe wù ú.

Mo dìde, mo sún mọ́ ọn.

“Níbo lo fẹ́ kí aláboyún dùbúlẹ̀ sí nínú èyí?”

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹni tó ń ya fídíò ló kọjú sí. “Màdáàmù, kí ló dé tí wọ́n fi máa dùbúlẹ̀? Wọ́n á jókòó bí ọlọ́lá, atẹ́gùn á máa fẹ́ wọn.”

Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan tó wọ kóòtù fà mí lápá. “Ẹ jọ̀ọ́, Màdáàmù, ẹ má ṣe máa pe ọ̀gá ní ìwọ.”

“Abọ́ gààrì kan náà la jọ ń bù jẹ ní kọ́léèjì,” ni mo dá a lóhùn. “Lọ́jọ́ tó bá di ẹ̀gbọ́n mi, màá pè é ní ẹ̀yin.”

Lẹ́yìn ayẹyẹ, mo fún awakọ̀ tó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá lómi mu. Ó wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá, ó ti pẹ́ tó ti wà nínú gáráàjì. Ikùn ọ̀gá ò jẹ́ kó lè jókòó sínú rẹ̀ mọ́. Tó bá wọlé, èèyàn méjì ló máa ń fà á jáde.”

Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ẹ̀wù tó ti há mọ́ ọn lára ló bọ́ jù sí wa, ó sì ní kí a kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Nígbà tí àkókò òjò bẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ kan sáré wá láti oko. Ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí láti òwúrọ̀. Ọjọ́ ọjà Bassila ni, gbogbo alùpùpù Manigri ti gbé èèyàn lọ. Mo wo ọkọ̀ pupa náà níbi tó wà, mo gbé ìtìjú mì, mo ní kí bàbá kan tó ti wa takisí rí, tó ń bá ẹgbẹ́ wa ṣiṣẹ́, gbé e jáde. Bàbá náà jókòó, èmi náà jókòó, àga ti tán. Àgbẹ̀ náà gun orí ibi tí òrùlé ká sí, ó di èjìká wa mú. Mo ti pinnu pé tí a bá débẹ̀, èmi á fẹsẹ̀ rìn padà kí obìnrin náà lè ráyè.

A kò tíì jìnnà sí títì tí òkúta fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn oko kajú àkọ́kọ́, ó gun gegele kan, ó jókòó lé e, táyà ń yí lásán. Òjò dé. Bàbá tẹ bọ́tìnì. Òrùlé náà gòkè dé ààbọ̀, ó dúró síbẹ̀, ó nà gbọnrangandan bí ọwọ́ ọmọ kíláàsì tó fẹ́ gbàyè lọ tọ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó bú u ní Faransé. Omi ń kún sórí àga aláwọ náà. A fi í sílẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn.

Ní oko, àgbẹ̀ náà àti àwọn àbúrò rẹ̀ yọ ilẹ̀kùn ahéré, wọ́n tẹ́ obìnrin náà lé e, wọ́n gbé e lé èjìká. Ibi tí ọkọ̀ náà há sí ni a gbà kọjá. Obìnrin náà yí orí, ó wò ó.

“Ṣé èyí ni wọ́n ní wọ́n rà fún wa?”

“Wọn ò rà á fún yín,” ni mo wí. “Ó sú wọn ni, wọ́n bá gbé e wá síbí.”

Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, ìrọbí sì gbá a mú láàárín ẹ̀rín náà, ó bú sígbe. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, inú kò bí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lójú títì, ọkọ̀ tó ru iṣu ló gbé wa. Obìnrin náà dùbúlẹ̀ sáàárín iṣu, mo fi gèlè mi bò ó lójú fún òjò. Ó bí ọmọbìnrin ní Bassila kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ púpọ̀. Agbẹ̀bí ní ká ní a tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni òun ìbá máa bá wa sọ.

Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà padà sí pápá ilé ìwé, adìẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé sínú rẹ̀. Nígbà tí a ṣe ìpàdé, mo ní kí a fi í pààrọ̀ ohun tó máa wúlò. Igbákejì mi káwọ́ lérí.

“Inú ọ̀gá ò ní dùn sí wa o.”

“Inú aláboyún ni wọ́n ní ká máa tọ́jú,” ni mo wí. “Wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ inú ọ̀gá.”

Oníṣòwò kan láti Djougou, tó máa ń yá àwọn tó ń ṣègbéyàwó lọ́kọ̀, wá wò ó. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó gbàgbé láti dọ́gbọ́n. Ó gbé tírísíkù tuntun wá fún wa, ó gbé ọkọ̀ eré lọ, tòun ti adìẹ kan tí kò fẹ́ dìde lórí ẹyin.

Àkókò ìbò tí ọkùnrin wa ń díje nínú rẹ̀ ti súnmọ́ nígbà tó pè mí.

“Mo gbọ́ pé ẹ ti gbé ọkọ̀ mi fún ẹlòmíràn.”

“Ọkọ̀ ta ni? Ṣé o ò ti fún wa ni?”

“Mo fún yín kí ojú ayé lè rí i pé èmi ni mo fún yín!”

“Wọ́n ti rí i,” ni mo wí. “Àwọn tó ru obìnrin lórí ilẹ̀kùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an rí i dáadáa.”

Ó pa fóònù. Síbẹ̀ ó wá sí Bassila, tòun tẹni tó ń ya fídíò, ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ìyá tí ẹ̀bùn òun gbà là. Obìnrin tí a gbé lórí ilẹ̀kùn fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, a sì fi tírísíkù gbé e dé iwájú ilé ìwòsàn. Ọkùnrin náà wo tírísíkù wa bí ẹni tó tẹ ìgbẹ́ mọ́lẹ̀.

“Ẹ gbé kiní akẹ́rù yẹn kúrò níwájú fídíò.”

Ó gba ọmọ náà mọ́ra. Ọmọ figbe ta, ó dá a padà kíá, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó lọ fara ti jíìpù rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti yà á. Ìyá ọmọ sún mọ́ mi létí.

“Màdáàmù, ṣé òun ló ni ọkọ̀ tó há sí ọ̀nà oko wa?”

“Òun ni.”

“Mo ti rò pé èèyàn gidi ni.”

Ó wọlé ìbò náà. Manigri dìbò fún un, Bassila dìbò fún un, Alédjo náà dìbò fún un, kò sì yà mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bá a yọ̀, igbákejì mi wá bá mi nílé, ó ti múra, ó ní kí n wá bẹ̀ ẹ́, pé ó ṣeé ṣe kó gbẹ́ kànga fún wa. Mo ní kí ọ̀gá náà lọ gbẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Obìnrin kan ti bímọ sínú tírísíkù láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó dé ilé ìwòsàn, tìyá tọmọ sì wà láyọ̀. Mo bọ́ bàtà, mo pọn omi, mo ń fọ pẹpẹ tírísíkù náà.