Ọ̀bẹ Tí Àbúrò Mi Ń Dè Mọ́ Itan

Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ọ̀bẹ tí àbúrò mi máa ń dè mọ́ itan. Òun ló ri òkú mọ́tò sínú dáàmù wa ní Yàgbà níbí, kí ẹja lè ríbi gbé. Làwọn apẹja bá ń da àwọ̀n lé e lórí. Tí àwọ̀n bá há, àwọn ọ̀lẹ á pa á tì síbẹ̀, ẹja á máa kú sínú rẹ̀ lásán. Àbúrò mi á wọmi lọ gé e. Á ní, "Ilé ni mo kọ́ fún ẹja, n ò dẹ pańpẹ́."

Kí àwọ̀n náà tó gbẹ, ẹni tó ni ín á ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀kan kí mi ní "Okun o" tán, ló bá na àwọ̀n sí mi lójú: "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n! Ìyàwó mi ló ta kókó yìí. Àbúrò yín ba ayé mi jẹ́!"

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi wọmi, kò jáde. Nígbà tí àwọn apẹja fi máa gbé e sókè, ó ti kú, àwọ̀n wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ rẹ̀ gé àwọ̀n náà kúrò, mo tẹ́ ẹ síwájú gbogbo wọn.

"Ta ló ni ín?"

Mo tẹjú mọ́ ẹni tó mọ kókó ìyàwó rẹ̀. Ó wolẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo àwọ̀n ló jọra."