Èémí Tí Ìbídùnní Gbọ́ Láti Oǹdó

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Ìbídùnní fi sá fún ọ̀nà Oǹdó. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Àkúrẹ́, níbi tó ti ń ya àwòrán ilẹ̀, ó sì ń gbé ní Ọ̀bà-Ilé, nínú ilé oníyàrá méjì tí òun àti Adépọ̀jù, ọkọ rẹ̀, gbà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Lójú ọ̀nà Oǹdó, bí ènìyàn bá fẹ́ kan afárá Òwénà, ni ọkọ̀ akẹ́rù kan ti yà lọ kọlu bọ́ọ̀sì tí Adépọ̀jù wọ̀. Kò délé mọ́. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti ní táyà, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Ìbídùnní. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti Ọ̀bà-Ilé dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Bí ọ̀gá bá ní kí ó tẹ̀lé àwọn lọ wọn ilẹ̀ ní ìhà Oǹdó, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Adépọ̀jù fi kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ìbídùnní ṣí i, ó ń wá ìwé kan. Bí ojú ẹ̀rọ náà ṣe tàn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já wọlé wéréwéré.

"Ọ̀gágun, níbo lẹ wà?"

"Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìràwọ̀ wa tán."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn."

Ìgbà tó wò ó dáadáa ló tó rí i pé eré ni, eré ogun ojú òfúrufú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jọ ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí oníkálùkù á jókòó sílé rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ ogun tirẹ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀. Wọ́n á wa irin nínú òkúta ojú ọ̀run, wọ́n á fi kọ́ odi, wọ́n á sì kóra jọ di ẹgbẹ́ láti gba ìràwọ̀ ẹlòmíràn tàbí láti dáàbò bo tiwọn. Ìbídùnní kọ ọ́ pé: "Ó ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ni mí."

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Aṣọ́bodè fèsì: "Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbi tó gbé e sí. Bí ẹ bá fẹ́, màá kọ́ yín bí a ṣe ń wà á."

Bó ṣe di ọ̀kan nínú wọn nìyẹn. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ti fi í ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọ̀kín ni Ìbídùnní sọ ara rẹ̀. Ohùn lásán ni wọ́n fi mọra, nínú ohun tí wọ́n ń dé sétí bí wọ́n bá ń jagun. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa Aṣọ́bodè kò ju pé ó jẹ́ àgbàlagbà, pé ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, àti pé ó dá gbé ní Òkèlísà, ní Oǹdó. Òun ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ọ̀tá lè gbà wọ ìràwọ̀ wọn, bí àwọn tó kù bá lọ sójú ogun.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ọdún kẹfà tí Adépọ̀jù kú, nínú ọyẹ́ oṣù kìn-ín-ní, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ìbídùnní rí ọkọ̀ ọ̀tá tó ń rọ́ bọ̀ bí eéṣú.

"Aṣọ́bodè, wọ́n ń bọ̀ lápá òsì yín o!"

Ó gbọ́ tí nǹkan wó gbì, tí àga sì họ ilẹ̀. Ohùn kan wá, ó wúwo bí ohùn ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀.

"Ọ̀kín... ọwọ́ mi... gbà mí."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ló lọ," ọ̀kan nínú wọn, tó wà ní Ìbàdàn, ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì!" Ìbídùnní kígbe. "Ẹ dákẹ́ ná, gbogbo yín. Ẹ gbọ́."

Èémí ni wọ́n ń gbọ́, tó ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ariwo bíi ti ẹni tó ń hanrun. Ọ̀tá ń fọ́ odi wọn lọ, kò sẹ́ni tó tún bìkítà. Ìbídùnní bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó mọ orúkọ bàbá náà, kò sí ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀. Ó pe nọ́ńbà tí wọ́n ní kí ènìyàn máa pè nígbà pàjáwìrì. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó wá gba ohùn ẹgbẹ́ náà sórí fóònù rẹ̀, ó ti wáyà tí ènìyàn fi ń gbọ́ ohùn bọ etí, ó sì sáré jáde láìwọ bàtà.

Gàníyù, aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta bàtà ní Ọjà Ọba, ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ níta.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sí Oǹdó."

Gàníyù dúró bí igi. "Ìwọ, ìyàwó? Oǹdó?"

"Ẹnì kan ń kú lọ níbẹ̀."

"Ta ni onítọ̀hún?"

"N ò mọ orúkọ rẹ̀."

Gàníyù wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ìbídùnní yọ wáyà náà létí, ó sì tì í bọ etí ọkùnrin náà. Gàníyù gbọ́. Ó ju kànìnkànìn ọwọ́ rẹ̀ sínú bókẹ́ẹ̀tì.

"Wọlé," ló wí.

Ìbídùnní kò mọ bí àwọn ṣe jáde nílùú. Gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó bá yọ níwájú, ńṣe ló dà bí ẹni pé òun ló ń bọ̀ wá bá. Ó di ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń tẹ bíréèkì. Ní ìtòsí Òwénà, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó fẹ́ sọ pé kí Gàníyù dúró kí òun bọ́ọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là tán, àmọ́ èémí Aṣọ́bodè ń dún létí rẹ̀. Ó di ojú, ó ń ka èémí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gàníyù ń ṣe àdúà lábẹ́ ètè. Nígbà tí Ìbídùnní la ojú, wọ́n ti kọjá afárá.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fi Bọ́lọ́rundúró sílẹ̀, etí rẹ̀ dákẹ́ lọ gbári.

"Ó ti kú! Àlàájì, ó ti kú!"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Fara balẹ̀."

Lóòótọ́ ló padà, ṣùgbọ́n èémí náà ti kúrú, àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì sì ti gùn.

Nígbà tí wọ́n dé Òkèlísà, Ìbídùnní yọjú síta. Ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, páànù tó ti dípẹtà ni gbogbo rẹ̀. Ibo ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a? Ewúrẹ́ kan bọ́ sójú ọ̀nà, Gàníyù tẹ fèrè ọkọ̀. Kò pẹ́ ni Ìbídùnní gbọ́ fèrè kan náà, tínínrín, nínú wáyà etí rẹ̀, láti inú yàrá Aṣọ́bodè.

"Àlàájì, ẹ tún un tẹ̀!"

Ó tún un tẹ̀. Ó tún dún létí rẹ̀.

Wọ́n ń lọ láti òpópónà dé òpópónà, wọ́n ń tẹ fèrè. Bí ó bá rẹlẹ̀ létí Ìbídùnní, wọ́n á yí padà. Bí ó bá ròkè, wọ́n á tẹ̀síwájú. Àwọn ènìyàn ń bú wọn. Níwájú ilé aláwọ̀ ìyeyè kan, fèrè náà bo èémí mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Ibí ni!"

Obìnrin kan tó ń sá ata nílé kejì dìde. Ọlábísí ni orúkọ rẹ̀. "Ta lẹ ń wá?"

"Bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀, tó dá gbé."

"Bàbá Dúrótoyè? Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe? Ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ sì ń wá a?"

Ọkùnrin mẹ́rin ti yọ. Ọ̀kan mú igi dání. Ìbídùnní gbọ́ tí wọ́n dárúkọ ajínigbé. Ó fa wáyà náà yọ, ó jẹ́ kí ohùn jáde gbangba láti inú fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́!"

"Kí ni ká gbọ́?" Ọlábísí dá a lóhùn.

Èémí náà jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, láti inú fóònù yẹn kan náà, ohùn Ọlábísí fúnra rẹ̀ sọ pé: "Kí ni ká gbọ́?"

Atẹ́ ata bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n fi èjìká já ilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ìbídùnní kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá, Ọ̀kín ni."

Ọwọ́ òsì bàbá náà wá etí ìró Ìbídùnní, ó sì dì í mú pinpin. Bẹ́ẹ̀ ló dì í mú títí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, pé bí ó bá ṣe díẹ̀ sí i nílẹ̀ ni, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Ìgbà yẹn ni Ìbídùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí eyín rẹ̀ ń lura wọn. Gàníyù ra omi inú ọ̀rá fún un, kò lè gbé e dé ẹnu.

Lọ́jọ́ kejì, Yéwándé, ọmọ bàbá náà, dé láti Àbújá. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì béèrè ibi tí wọ́n ti mọra.

"Ogun la jọ ń jà," ni Ìbídùnní wí. Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí yíjú wò ó.

Bàbá Dúrótoyè kò kú. Ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó di Àjíǹde, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò jí mọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣeré báyìí, kò sì yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni Ìbídùnní ń wọkọ̀ lọ wò ó. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rù ti tán lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, òjò ń rọ̀, awakọ̀ fẹ́ ya ọkọ̀ kan sílẹ̀ ní kọ́nà, Ìbídùnní sì pariwo débi pé gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló kọ háà. Tomijé tomijé ló fi dé Òkèlísà. Bàbá Dúrótoyè fi ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó ní kí ó lọ bọ́jú, pé Ọlábísí ti se àgbàdo sílẹ̀ fún wọn.