Nígbà Tí Ìyàwó Mi Mòòkùn ní Lọ́kọ́jà

Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ pàdé wa nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Lọ́kọ́jà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn omi fúnra rẹ̀ dé, òórùn tútù kan bíi ti àmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Ìwọ náà mọ bí odò yẹn ṣe máa ń rí láyé ìgbà náà: omi á fà sẹ́yìn, iyanrìn funfun á yọ láàárín odò, àwọn apẹja Nupe á pa àgọ́ koríko sórí rẹ̀, àwọn òyìnbó díẹ̀ tó kù nílùú á sì gbé àga wọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti yáàrùn. Ilé àlejò tí a dé sí kò jìnnà sí etí omi. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan, bí afẹ́fẹ́ bá sì kọjú sí wa, a máa ń gbọ́ ariwo ọjà Kpata láti ibẹ̀.

Ìsinmi ọjọ́ márùn-ún la bá wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló pè wá. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni ọmọ wa kan ṣoṣo kú, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ibà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọmọ ti lọ lọ́jọ́rú. Kábà la ń gbé nígbà náà, mo ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Àwọn èèyàn wá bá wa kẹ́dùn, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èmi a máa dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, a dúpẹ́. Ìyàwó mi kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Tẹ́lẹ̀, "Bàbá" ló máa ń pè mí, pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á ní "Tíṣà", bí ìgbà tí ọmọ ilé ìwé mi ń pè mí.

Iṣẹ́ abẹ́ omi ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Òun ló ń lọ wo ìdí ọkọ̀ tó bá fara gbá àpáta, òun ló ń so okùn mọ́ igi tó rì sójú ọ̀nà ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti fún un ní irinṣẹ́ tuntun kan tí gbogbo Lọ́kọ́jà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: àgbá irin kan tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó sì ń fi rọ́bà fa èémí láti inú rẹ̀ sẹ́nu. Ó ní awò ńlá kan tó ń bo ojú àti imú, ó sì ní bàtà rọ́bà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Lọ́jọ́ kejì tí a dé, ó fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé wa lọ sórí iyanrìn, ó mòòkùn ká lè rí i. Ó tó ìdajì wákàtí kó tó jáde.

Ìyàwó mi wò ó bó ṣe ń tú àgbá náà lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Lóòótọ́, ó mọ odò wẹ̀. Odò ìlú wọn ní Ìsánlú ló ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ti kọjá tí kò fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè nǹkan kan, kódà oúnjẹ. Mo ní ewu wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò mí, ó wo ìyàwó mi, ó ní omi tó wà lẹ́yìn iyanrìn kò ju èjìká lọ, òun yóò sì so okùn mọ́ ọn, òun yóò dì í mú. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí. Ó kọ́ ọ fún bíi wákàtí kan gbáko, lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi wọ abẹ́ omi lọ, mo sì ń wo ìfóòfó omi tó ń ru sókè níbi tó wà.

Nígbà tó jáde, ó jókòó sínú omi tó mọ ní ìbàdí, ó ṣí awò kúrò lójú. Ó ní, "Mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èémí mi nìkan ni mo ń gbọ́. Mo sunkún, omi ò sì sọ fún mi pé kí n dákẹ́." Ó jẹ gbogbo oúnjẹ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú mi dùn, mo rò pé ara rẹ̀ ti ń yá.

Lọ́jọ́ kẹta, kó tó wọ inú omi, ó padà wá bá mi lórí iyanrìn. Mo ti kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi dání, mo ń máàkì. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bọ́ aṣọ yín, kí ẹ wá. Ẹ̀gbọ́n ní a lè máa gba àgbá náà lọ́wọ́ ara wa."

Mo ní ìwé wọ̀nyí pọ̀.

"Ẹ ò tíì sunkún rárá," ló wí.

Mo ní bí àwa méjèèjì bá ń sunkún, ta ni yóò máa di ẹnì kejì mú? Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni mo pè é. Ó yí padà, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ mi nígbà tó yá, ó ní, "Àbúrò, wọ inú omi yìí." Mi ò wọ̀ ọ́. Kì í ṣe omi ni mò ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé bí mo bá dé ibi tí ẹnì kan ò ti lè gbọ́ mi, ohun tí mo ti dì sínú yóò tú, mi ò sì mọ̀ bóyá n óò lè kó o jọ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, èmi àti ìyàwó mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oòrùn ń wọ̀. Ó ní òun kò ní bá mi sọ̀kalẹ̀ ní Kábà. Ọ̀dọ̀ ìyá òun lòun ń lọ.

Mo bi í pé kí ni mo ṣe.

"Ẹ kó aṣọ ọmọ wa fún àwọn èèyàn," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá. "Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ tó kú nígbà náà. Mo wá ẹ̀wù kékeré kan ṣoṣo tí mo lè máa gbóòórùn rẹ̀, mi ò rí. Láti ìgbà yẹn, ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rí. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ pé a bímọ."

Lóòótọ́ ni mo kó aṣọ náà lọ. Ìtura ni mo rò pé mò ń wá fún un. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí n pe orúkọ ọmọ náà. Ohun tí mo sọ ni pé ilẹ̀ ń ṣú, ká wọlé.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí a wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún gba Kábà kọjá lọ sí Ìsánlú. Nígbà tó dúró ní Kábà, mo sọ̀kalẹ̀, wọ́n na àpótí mi sí mi. Ìyàwó mi wà lórí ìjókòó, ó mú igi ọkọ̀ dání. Ó ní, "Ẹ máa tọ́jú ara yín." Mo dúró nínú eruku títí ọkọ̀ fi lọ tán.

Àwọn àgbà ilé wa lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò padà. Ó fẹ́ ọkọ mìíràn, ó bímọ. Èmi náà fẹ́ ìyàwó mìíràn, mo bímọ, Ọlọ́run ṣeun. Ọdún kẹrìndínlógún lẹ́yìn náà ni mo rí i níbi ìgbéyàwó kan ní Kábà. Irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Ó kí mi, "Òkun o," bí a ṣe máa ń kí ara wa lágbègbè wa, mo dá a lóhùn. Ó béèrè àwọn ọmọ mi, mo béèrè tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń lọ nígbà tí mo pe orúkọ ọmọ wa. Mo ní, "Ì bá pé ọmọ ogún ọdún lóṣù tó ń bọ̀."

Ó dúró. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mo mọ̀. Ọdọọdún ni mò ń kà á." Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn ilé náà, mo sunkún bí ọmọdé. Orúkọ ọmọ wa tí mo pè yẹn ni gbogbo ohun tó béèrè lọ́wọ́ mi ní Lọ́kọ́jà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nígbà tí kò lè fi ṣe nǹkan kan mọ́.