Ọkọ̀ Tó Ní Ilẹ̀kùn Lórí

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò nínú àwòrán ọkọ̀ náà ni òrùlé rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá wo ẹ́ńjìnnì, tàbí ṣéènì rọ́bà ńlá tó fi ń rìn dípò táyà, bíi ti katapílà. Èmi ń wá ibi tí èèyàn lè gbà jáde bí omi bá dé. Ó sì wà níbẹ̀: ilẹ̀kùn kékeré kan lórí, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan ṣí láti inú.

Mo ní ìdí. Nígbà òjò, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ń lọ sí abúlé wa lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, níbi tí ìyá mi ń gbé. Odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà, tí a kì í tilẹ̀ kà sí. Lọ́jọ́ yẹn ó ti kún. Omi gbé ọkọ̀ wa bí ẹni gbé igbá. Fèrèsé ọ̀dọ̀ tèmi wà ní ṣíṣí, ibẹ̀ ni mo gbà jáde. Tọ̀dọ̀ rẹ̀ wà ní títì. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Látìgbà náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè dé ọ̀dọ̀ ìyá mi mọ́. Fóònù la fi ń kí ara wa. Ó kọ̀, kò wá gbé ìgboro. Ó ní ariwo ọ̀kadà kò ní í jẹ́ kí òun gbọ́ ìpè ìrun. "Ṣé o ti jẹun?" ni yóò máa bi mí, bí ẹni pé èmi ni mo wà lẹ́yìn odò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé lọ́jọ́ kan àìsàn á ṣe é nínú òjò, n óò máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, mi ò sì ní lè dé ibẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ tí kò ní rì nìyẹn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí eléyìí, lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan nílẹ̀ òyìnbó, níbi tó tutù gan-an. Orí yìnyín ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ti dàgbà tó èmi fúnra mi. Nígbà tí bàbá náà gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo wà, ó bi mí bóyá yìnyín máa ń bo ilẹ̀ wa. Mo ní rárá, ẹrẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá bi mí bí ẹrẹ̀ náà ṣe jìn tó. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wa ọkọ̀ náà wọ omi kí n rí i. Ó wà á wọ adágún kan, ó sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́: ọkọ̀ náà léfòó, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bíi pẹ́pẹ́yẹ tó ti yó. Mo wò ó títí bátìrì fóònù mi fi kú. Síbẹ̀, mo tún ní kó ṣí ilẹ̀kùn orí náà, kó tún tì í, kí n gbọ́ ìró rẹ̀.

Mo rà á. Ó pẹ́ lórí òkun, ó tún pẹ́ ní èbúté Èkó. Nígbà tí tírélà gbé e wọ àdúgbò wa ní Aké, gbogbo èèyàn jáde.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ogun ń bọ̀ ni, tí ẹ ò sọ fún wa?" ni mẹkáníìkì mi kígbe.

"Ìbọn rẹ̀ dà?" ni obìnrin kan fèsì láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, mú alfa wá kó ṣàdúrà sí i. Bí a ṣe ṣe àmín tán, mẹkáníìkì gbé ẹsẹ̀ sókè láti wọ ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi fà á láṣọ.

"Níbo lò ń lọ? Nínú ilé tiwa, ìyá ló ń kọ́kọ́ jókòó nínú ọkọ̀ tuntun. Ẹni tó ni ín nìkan ló lè wà á títí ìyá á fi jókòó."

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "abúlé ni wọ́n wà. Òjò sì ti ń rọ̀."

"Ṣebí torí òjò lo ṣe rà á? Àbí ká máa sá àdìrẹ sí i lórí ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ lójú wọn pé mẹkáníìkì ni mo fẹ́ kó bá mi wà á kọjá odò, kí èmi jókòó sábẹ́ ilẹ̀kùn orí.

Tírélà gbé wa dé ibi tí ọ̀dà parí sí. Láti ibẹ̀, ó ku èmi nìkan. Létí odò, mo ṣí ilẹ̀kùn orí, òjò ń rọ̀ sí mi lórí. Mo wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ṣófo. Ó yà mí lẹ́nu pé ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ nítorí pé ó ṣófo. Mo ní Bísímílláì, mo wọ omi. Ọkọ̀ náà léfòó, ó yà sápá kan, mo pariwo. Lẹ́yìn náà ni ṣéènì gbá ilẹ̀ mú ní òdì kejì.

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀rọ ata ta ni mò ń gbọ́ nínú òjò yìí?" Ìgbà tó rí mi, ó fọwọ́ kan orí mi. "Orí ẹ ti tutù."

Mo ní kó jókòó díẹ̀ nínú ọkọ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀, kí àṣà lè pé. Ó wọ inú ilé lọ, ó gbé báàgì àti búta tó fi ń ṣe àlùwàlá jáde, ó gòkè sínú ọkọ̀.

"Ó le bí àpótí. Ó yá, máa wà á."

"Màámi, ẹ ti jókòó. Ó ti tó."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti pè mí. N ó lọ kí wọn, o ó sì dá mi padà lọ́la."

"Omi ti kún, Màámi."

"Ṣé òkè lo gbà wá ni?"

Mo fi ilẹ̀kùn orí hàn án. Ó ṣí i, ó tì í. Mo ní kó fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ó fa ọ̀rá kan yọ nínú báàgì, ó fi bo gèlè rẹ̀.

Létí odò, mo dúró. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi kò ṣófo mọ́, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀. Màámi kò kán mi lójú.

"Ṣé ibí ni?" ó bi mí.

"Ibí ni."

Ó ṣàdúrà fún olùkọ́ náà, ó pè é ní ọmọ òun. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sókè, ó di etí ilẹ̀kùn orí náà mú.

"Mo ti dì í mú," ó ní. "Máa lọ."

Mo fi ẹsẹ̀ tẹ iná ọkọ̀, a wọ omi.