Ewé Abẹ́ Kàmẹ́líà

Ẹ fojú fo àṣìṣe mi, ìwé tí mo kà kò tó nǹkan.

Àràárọ̀ ni ìyá onílé wa n'Íkẹ̀rẹ́ máa ń gbálẹ̀, tí wọ́n á máa mí hẹlẹ, títí dé abẹ́ kàmẹ́líà, igi òdòdó tí olóògbé ọkọ wọn gbìn. Bó bá rudi, ìrudi náà á gbẹ dànù.

Ọmọ wọn ní, "Màmá, ẹ fi ewé tí ẹ ń gbá bo gbòǹgbò ẹ̀, oòrùn ló ń pa á."

"Kí wọ́n wá pè mí ní ọ̀bùn? Kì í ṣe nínú ulé mi!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó ti igi náà, wọ́n sì wí fún mi pé, "Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ṣé màá rí òdòdó Bàbá yìí kí n tó kú?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí ṣáájú wọn. Mo gbá gbogbo àgbàlá mọ́ dé títì, mo sì kó ewé náà sábẹ́ kàmẹ́líà.